Àkọsílẹ̀ Tútù láti Pílánẹ́ẹ̀tì Mars: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Sáyẹ́ǹsì

 Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ wa yìí ni àwa tí a kọ ẹ̀kọ́ yìí, iṣẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni a sì ń ṣe báyìí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ní kí a kọ ohun kan tí yóò ṣe ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àgbà láǹfààní, a rò ó títí, a sì rí i pé ibi tí àwa fúnra wa ti ṣìnà ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, nígbà tí a wà ní kíláàsì àgbà kejì, olùkọ́ wa ní Físíìsì ní kí a so òkúta kékeré kan mọ́ okùn, kí a jẹ́ kí ó máa fì síwá sẹ́yìn, kí a sì fi aago wo àkókò tí ó fi lọ tí ó fi bọ̀ ní ìgbà ogún. Gígùn okùn mẹ́fà ni a lò, a sì fi àmì mẹ́fà sórí bébà gíráàfù. Márùn-ún tò lórí ìlà tààrà, ìkẹfà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A ti mọ ohun tí ìwé sọ pé èsì náà yẹ kí ó jẹ́. A fi írésà pa àmì kẹfà rẹ́, a sì fi òmíràn sí ibi tí ó wù wá. “Sísè èsì” ni a ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ó sì dá wa lójú pé ẹ̀yin náà mọ orúkọ rẹ̀.

Olùkọ́ wa rí ibi tí írésà ti ha bébà. Kò nà wá. Ó kàn béèrè pé, “Kí ni àmì yẹn fẹ́ sọ fún yín kí ẹ tó pa á lẹ́nu mọ́?” A kò lè fèsì, nítorí a kò tilẹ̀ rántí iye tí ó jẹ́ mọ́. Nígbà tí a padà lọ wo okùn náà, a rí i pé ó ti yọ̀ níbi tí a so ó kọ́, ó sì ti gùn sí i láìjẹ́ pé a mọ̀. Àmì tí a pa rẹ́ yẹn nìkan ni ó ti ń kìlọ̀ fún wa.

Ní tiwa, okùn náà ṣì wà lórí tábìlì, a sì tún un wọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ibi tí a ti ṣe ìwọ̀n náà jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè padà lọ ńkọ́? Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ kọ́ yín lónìí.

1. Ẹ̀rọ tí ń bi òkúta léèrè

Láti ọdún 1997 ni àwọn ọkọ̀ ìwádìí tí kò ní awakọ̀ nínú ti ń rìn lórí ilẹ̀ pílánẹ́ẹ̀tì Mars. Sojourner ni ó kọ́kọ́ dé, ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún náà. Spirit àti Opportunity tẹ̀lé e ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2004, Curiosity sì gúnlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012. Ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí ni ó gbé ẹ̀rọ kan lọ tí a ń pè ní APXS ní ìkékúrú. Ilé ìwádìí Max Planck ní ìlú Mainz ní Jámánì ni ó ṣe ti Spirit àti Opportunity. Òun kan náà ni ó ṣe ti Sojourner, pẹ̀lú ọwọ́ Yunifásítì Chicago nínú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Kánádà ni ó pèsè ti Curiosity.

Nínú àwọn ọkọ̀ mẹ́ta ìkẹyìn, ìparí apá ọkọ̀ ni orí ẹ̀rọ náà wà, kò sì tóbi ju ohun tí a lè gbé sí àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọkọ̀ á na apá rẹ̀, á sì gbé ẹ̀rọ náà lé òkúta tàbí erùpẹ̀. Kúríọ̀mù 244 wà nínú rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ohun tí ń tú agbára jáde fúnra rẹ̀ láìdáwọ́dúró. Ohun méjì ni ó ń jáde láti ibẹ̀ lọ bá òkúta: àwọn ẹyọ alfa, àti ìtànṣán X, irú ìtànṣán tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun ní ilé ìwòsàn. Òkúta náà á sì fi ìtànṣán X tirẹ̀ dáhùn. Ìdáhùn yẹn ni ẹ̀rọ ń gbà sílẹ̀.

2. Bí ẹ́límẹ́ǹtì ṣe ń sọ orúkọ ara rẹ̀

Ẹ ti kọ́ ọ pé àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tò yí àárín átọ̀mù ká ní ìpele ìpele. Nígbà tí ohun tí ó ti ọ̀dọ̀ kúríọ̀mù wá bá kọ lu átọ̀mù kan, ó lè lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan jáde láti ìpele tí ó sún mọ́ àárín jù lọ. Àyè ṣófo níbẹ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mìíràn á sọ̀kalẹ̀ láti ìpele òkè wá dí àyè náà, agbára tí ó ṣẹ́ kù nínú ìsọ̀kalẹ̀ yẹn á sì jáde gẹ́gẹ́ bí ìtànṣán X.

Gíga ìsọ̀kalẹ̀ yìí yàtọ̀ láti ẹ́límẹ́ǹtì kan sí òmíràn, kò sì yí padà fún ẹ́límẹ́ǹtì kan náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Henry Moseley, ni ó fi èyí hàn kedere ní ọdún 1913. Ó wọn ìtànṣán X tí àwọn ẹ́límẹ́ǹtì ń tú jáde, ó sì rí i pé bí nọ́ńbà átọ̀mù ṣe ń ga sí i ni agbára ìtànṣán náà ń ga sí i ní ìlànà tí kò yẹ̀. Ogun pa á ní Gallipoli ní ọdún 1915, nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún 27. Ìlànà tí ó rí yẹn ṣì ni à ń lò lórí Mars títí di òní.

Ẹ wo díẹ̀ lára agbára wọ̀nyí. keV ni òṣùwọ̀n tí a fi ń kà wọ́n:

Alumíníọ̀mù: 1.49
Sílíkọ́nù: 1.74
Imí ọjọ́: 2.31
Pòtásíọ̀mù: 3.31
Kálísíọ̀mù: 3.69
Mangánísì: 5.90
Irin: 6.40

3. Kí ni àkọsílẹ̀ tútù?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rọ náà máa ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí ayé pé, “Irin wà níhìn-ín, imí ọjọ́ wà lọ́hùn-ún.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Kíkà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ rántí bí oníṣòwò obì ṣe ń ṣa obì sínú apẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti tóbi tó: kékeré lọ síhìn-ín, ńlá lọ sọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣa ìtànṣán gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀. Ó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún apẹ̀rẹ̀ tí a fi nọ́ńbà sí. Nígbàkígbà tí ìtànṣán kan bá wọlé, yóò fi ẹyọ kan kún iye tí ó wà nínú apẹ̀rẹ̀ tí ó bá agbára rẹ̀ mu.

Nítorí náà, ohun tí ó ń dé sí ayé kò ju nọ́ńbà apẹ̀rẹ̀ àti iye tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ, pẹ̀lú àkókò tí kíkà náà gbà àti bí ẹ̀rọ ti gbóná tàbí tútù tó. Èyí ni a ń pè ní àkọsílẹ̀ tútù: a kò tíì sè é, a kò tíì fi iyọ̀ sí i. Kò sí orúkọ ẹ́límẹ́ǹtì kankan nínú rẹ̀. Bí a bá yà á sórí gíráàfù, a óò rí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, tí àwọn góńgó yọ láti inú rẹ̀ bí òkè láàárín ọ̀dàn. Iṣẹ́ onímọ̀ ni láti wádìí ohun tí góńgó kọ̀ọ̀kan dúró fún.

4. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan

Àwa ni a ṣètò àwọn nọ́ńbà apẹ̀rẹ̀ tí ó wà nínú àpẹẹrẹ yìí kí ó lè rọrùn. Àwọn agbára inú rẹ̀ ni òótọ́.

Ká ní a rí góńgó mẹ́ta, ní apẹ̀rẹ̀ 77, 123 àti 213. A kọ́kọ́ ní láti fi ohun tí a mọ̀ wọn ohun tí a kò mọ̀. Curiosity gbé pẹlẹbẹ òkúta kan dání tí wọ́n ti mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kí ó tó kúrò ní ayé, kí wọ́n lè máa fi yẹ ẹ̀rọ náà wò. Ká ní irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti fi hàn wá pé kálísíọ̀mù ni ó wà ní 123, tí irin sì wà ní 213.

Ìyàtọ̀ apẹ̀rẹ̀: 213 − 123 = 90.
Ìyàtọ̀ agbára: 6.40 − 3.69 = 2.71 keV.
Ìwọ̀n apẹ̀rẹ̀ kan: 2.71 ÷ 90 = 0.0301 keV.

Góńgó tí a kò mọ̀ fi apẹ̀rẹ̀ 46 rẹlẹ̀ sí ti kálísíọ̀mù. 46 × 0.0301 = 1.385. Bí a bá yọ èyí kúrò nínú 3.69, yóò ku 2.305. Ẹ padà sí àkójọ òkè yìí. Èwo ni ó sún mọ́ ọn? Imí ọjọ́ ni. Báyìí ni a ṣe ń mọ orúkọ ẹni tí a kò rí rí.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yára jù. Irin àti mangánísì ní ju góńgó kan lọ. Góńgó kejì mangánísì wà ní 6.49, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí góńgó àkọ́kọ́ irin tí ó wà ní 6.40. Ojú ẹ̀rọ kò mọ́ tó láti pín méjèèjì níyà. Ẹni tí ó bá wo góńgó kan ṣoṣo lè fi mangánísì kún irin láìmọ̀. Gbogbo góńgó ni a gbọ́dọ̀ wò pọ̀, títí kan 5.90 níbi tí mangánísì ti dá dúró.

5. Ohun tí iye kíkà kò lè sọ

Àkọ́kọ́, iye kíkà kì í ṣe àrídájú pátápátá. Bí ẹ̀rọ bá ka ìtànṣán 100, àṣìṣe tí ó ṣeé ṣe nínú rẹ̀ tó 10, nítorí 10 ni ìdí 100 nínú ìlọ́po-ara-ẹni. Ìyẹn jẹ́ 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá ka 10,000, àṣìṣe náà jẹ́ 100, ìyẹn 1 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fi máa ń jókòó lórí òkúta kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Òru ni wọ́n sì fẹ́ràn láti lò ó, nítorí pé nínú òtútù ni ojú ẹ̀rọ náà ń mọ́ jù lọ.

Èkejì, kúríọ̀mù ń rẹ̀yìn. Láàárín ọdún 18 àti díẹ̀, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Opportunity ṣiṣẹ́ láti 2004 títí di 2018. Nígbà tí yóò fi dákẹ́, agbára tí ó kù nínú kúríọ̀mù rẹ̀ kò ju díẹ̀ lórí ìdajì lọ. Bí ẹ bá rí i pé iye kíkà dín kù láàárín ọdún méjì, ẹ má ṣe wí pé òkúta ni ó yí padà. Ó lè jẹ́ pé àtùpà ni ó ń kú lọ.

Ẹ̀kẹta, ojú òkúta nìkan ni ẹ̀rọ ń rí. Ìtànṣán àwọn ẹ́límẹ́ǹtì fúyẹ́fúyẹ́ kì í ti inú jíjìn jáde. Irun orí ènìyàn nípọn ju ibi tí ó ti ń wá lọ. Eruku díẹ̀ lè bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Nítorí èyí, Spirit àti Opportunity gbé irin tí a fi ń lọ ojú òkúta dání. Nígbà tí Opportunity lọ ojú òkúta inú kòtò tí ó gúnlẹ̀ sí, imí ọjọ́ púpọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n tó lè sọ pé kì í ṣe ti eruku, ti òkúta fúnra rẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹrin, APXS kò lè fi ìtànṣán X rí háídírójìn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi rí ọ́síjìn, àwọn méjèèjì tí omi fi jẹ́ omi. Nítorí náà, bí ẹ bá kà á pé ọkọ̀ kan rí àmì omi àtijọ́, ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ yìí nìkan kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ iye imí ọjọ́, àwọn ẹ̀rọ mìíràn sọ tiwọn, àwọn ènìyàn sì ronú láti orí gbogbo rẹ̀ dé orí omi. Ẹ máa ya ohun tí a kà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a rò.

6. Táyà tí ó kọṣẹ́

Ní oṣù Kẹta ọdún 2006, táyà iwájú ọ̀tún Spirit kọṣẹ́, kò yí mọ́. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn ni ọkọ̀ náà ń fi rìn, ó sì ń wọ́ táyà tí ó kú náà tuurutu nínú erùpẹ̀. Ní ọdún 2007, nítòsí ibi tí wọ́n sọ ní Home Plate, àwọn olùwádìí rí i pé ojú ipa tí táyà náà hú sílẹ̀ funfun.

Wọ́n gbé APXS lé e. Góńgó sílíkọ́nù ga ju ohun tí wọ́n ti rí rí lọ. Lẹ́yìn ìṣirò, ó hàn pé nǹkan bí 90 nínú ọgọ́rùn-ún erùpẹ̀ náà ni ó jẹ́ sílíkà. Ẹni tí ó bá ti ń retí erùpẹ̀ Mars bí ó ti máa ń rí lè sọ pé àṣìṣe ẹ̀rọ ni, kí ó sì fi írésà pa á rẹ́. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n wá irú rẹ̀ kiri ní àyíká, wọ́n sì rí òmíràn.

Kí ni ó kó sílíkà jọ tó bẹ́ẹ̀? Orísun omi gbígbóná lè ṣe é. Ooru tí ó kún fún ásíìdì, tí ń jáde láti inú ilẹ̀, lè fọ ohun yòókù lọ kí sílíkà sì ṣẹ́ kù. Ọ̀nà méjèèjì ni ó ní omi nínú, ṣùgbọ́n iye 90 kò fúnra rẹ̀ yan ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ kọ méjèèjì sílẹ̀, wọ́n sì ń jiyàn lórí wọn. Ìyẹn náà jẹ́ òtítọ́.

7. Èsì tí wọ́n tún ṣírò

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Sojourner. Ní ọdún 1997, àwọn olùwádìí kéde pé òkúta tí wọ́n sọ ní Barnacle Bill jọ òkúta kan tí ó ti inú òkè ayọnáyèéfín jáde ní ayé wa, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ andesite. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ìbánisọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ náà parí. Kò sí ọ̀nà tí a fi lè tún un rán sí ìdí òkúta náà mọ́ láé.

Síbẹ̀ iṣẹ́ kò tán. Bí ìmọ̀ nípa ìlò ẹ̀rọ náà ṣe ń pọ̀ sí i, ẹgbẹ́ olùwádìí ti Mainz àti ti Chicago padà sí àkọsílẹ̀ tútù ọdún 1997, wọ́n tún ṣírò rẹ̀ látòkè délẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì tí wọ́n tún ṣe jáde ní ọdún 2003. Iye àwọn ẹ́límẹ́ǹtì kan yí padà. Kò sí ẹni tí ó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ó mú kí àtúnṣe náà ṣeé ṣe ni pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan iye tí ẹ̀rọ kà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ká ní wọ́n ti tún un ṣe kí ó lè bá èrò ọdún 1997 mu ni, àṣìṣe èrò yẹn ìbá ti di ti títí láé.

Irú àkọsílẹ̀ wọ̀nyí wà nípamọ́ ní ilé ìṣúra tí àjọ NASA fi sí Yunifásítì Washington ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, ó sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ya ti tútù sọ́tọ̀, wọ́n sì ya èyí tí a ti ṣírò sọ́tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ní kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì lè ṣí i láti inú yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ yìí, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya gíráàfù òkúta Mars.

8. Ohun tí ó kàn wá nínú rẹ̀

Nínú ṣápẹ́ẹ̀lì ilé ẹ̀kọ́ yìí ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ohun ìríra ni òṣùwọ̀n èké. Nígbà náà, àwọn tí ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́jà ni a rò pé ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. A kò mọ̀ pé ìwé láàbù tí ó wà nínú àpò wa náà jẹ́ òṣùwọ̀n.

A mọ̀ pé kò rọrùn. Máàkì wà níbẹ̀, ìdánwò àṣekágbá wà níwájú, ẹnìkejì yín tí ó sì se èsì tirẹ̀ lè gba máàkì jù yín lọ. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ṣùgbọ́n lára yín ni nọ́ọ̀sì tí yóò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ọlà yóò ti jáde, àti ẹni tí yóò dán omi kànga ìlú wò, àti ẹni tí yóò yẹ irin afárá wò kí ọkọ̀ tó gbà á kọjá. Bí ọwọ́ bá ti mọ́ sísè èsì nígbà tí máàkì nìkan wà nínú ewu, kì í tètè ṣíwọ́ nígbà tí ẹ̀mí ènìyàn bá wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, bí àmì kan bá yà kúrò lórí ìlà, ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Ẹ yí òbìrípo ká a, ẹ kọ ohun tí ẹ rò pé ó fà á sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì tún un wọ̀n bí àyè bá wà. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe nínú ìwé láàbù, ẹ fi ìlà kan ṣoṣo fa á kọjá kí a ṣì lè kà á; ẹ má ṣe fi írésà kàn án. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, a bẹ̀ yín, ẹ máa fún ọmọ tí ó kọ iye tí ó rí gan-an ní máàkì, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè tí olùkọ́ wa bi wá.

Ìbéèrè fún ìdánrawò

1. Nínú àpẹẹrẹ ìpín 4, góńgó kẹrin yọ ní apẹ̀rẹ̀ 110. Ẹ́límẹ́ǹtì wo ni?
2. Ẹ̀rọ ka ìtànṣán 2,500. Mélòó ni àṣìṣe tí ó ṣeé ṣe, mélòó ni ó sì jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún?
3. Ẹ kọ ohun kan tí APXS kà nínú ìtàn Spirit, àti ohun kan tí àwọn ènìyàn rò láti orí rẹ̀.
4. Ẹ ṣí ìwé láàbù yín. Ẹ wá iye kan tí ó yà kúrò lára àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ni ó fẹ́ sọ fún yín?